Iná Wo Ni A Óò Kà? Gáàsì Ìdáná àti Ìwé-Ẹ̀rí Ilé Tí Kò Ba Àyíká Jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ń fi ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ jẹun ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa sítóòfù gáàsì àti ìwé-ẹ̀rí ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ẹnjinníà tilẹ̀ bi mí bóyá ìtàn àròsọ ti tán nílẹ̀ ni. Kò tán. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé-ẹ̀rí, ìwé sì ni òfin ilé kíkọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti máa bi ìwé ní ìbéèrè: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín? Ta ni a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ta ni ó wà nínú ilé náà tí òǹkọ̀wé kò mẹ́nu kàn? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbé tọ àwọn ìwé tí a fi ń wọn ilé lóde òní lọ. Ilé ìdáná àwọn ará Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti agbègbè wọn ni mo sì fẹ́ dúró sí nígbà tí mo bá ń bi wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Bí a bá ka iná gáàsì tí ń jó nínú ilé, tí a kò sì ka iná igi tí ń jó lẹ́yìn ilé kan náà, ìwé-ẹ̀rí wa yóò máa yin ilé tí èéfín pọ̀ sí, yóò sì máa bá ilé tí èéfín ti kúrò níbẹ̀ wí.

Ìwé tí kò sí ẹni tí ń dáná nínú rẹ̀

Àwọn òyìnbó ń fi àwọ̀ ewé pe irú ilé tí mo ń sọ. Èmi kò ní í tẹ̀lé wọn, nítorí pé ilé aláwọ̀ ewé létí Yorùbá, ilé tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ni. Ilé tí kò ba àyíká jẹ́ ni mo ń pè é. Kí ilé kan tó gba orúkọ yìí, àwọn olùyẹ̀wò yóò ṣírò iye agbára tí ó ń jẹ, iye omi tí ó ń lò, àti irú ohun tí a fi kọ́ ọ. Wọn óò wá fi í wé ilé mìíràn tí ó jọ ọ́, tí a kọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ́lé. Bí tirẹ̀ bá dín kù tó bí wọ́n ti fẹ́, wọn óò fún onílé ní ìwé.

LEED ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó lókìkí jù nínú àwọn ìlànà wọ̀nyí. Ilé alájà púpọ̀ tí a ń pè ní Heritage Place ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, tí wọ́n parí ní ọdún 2016, ni a mọ̀ sí ilé àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé LEED ní Nàìjíríà. EDGE ni èkejì, èyí tí IFC, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Báǹkì Àgbáyé, gbé kalẹ̀ nítorí àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa. EDGE ní kí ilé dín agbára tí ó ń lò kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti omi, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti èéfín kábọ́ọ̀nù tí ó jáde nígbà tí a ń ṣe bíríkì, sìmẹ́ńtì, irin àti páànù tí ó dá ilé náà dúró. Ilé tí ó bá dé ìdá 40 ní ti agbára, oyè tirẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ Ìkòyí ni èyí, kí ni ó kan Ìjerò? Ó kàn án. Ìwé a máa rìn ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Àwọn tí ń yáni lówó láti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ilé-ìwòsàn àti ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń béèrè irú ìwé-ẹ̀rí yìí káàkiri ayé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tuntun lónìí sí ẹ̀gbẹ́ ìsun omi gbígbóná ní Ìkógosì, tí ó sì wá owó rẹ̀ lọ sí òkè òkun, kò dìgbà tí ó bá dé Ìkòyí kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tí yóò máa fi se oúnjẹ. Ìkógosì yìí kan náà, bí ẹ bá gbà mí láyè kí n yà díẹ̀, omi ń jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ní ìwọ̀n ooru bí 70 dígírì láìsí ẹni tí ó dá iná sí i, ó sì ń lọ pàdé omi tútù nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ń fún wa ní omi gbígbóná lọ́fẹ̀ẹ́ ni a jókòó lé tí a ń ṣẹ́gi. Ṣùgbọ́n omi náà kò lè se iṣu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdáná.

Ìwé LEED kò gbàgbé ilé ìdáná ńlá. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin, àtẹ kan wà tí a to àwọn ohun èlò ìdáná òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń din nǹkan nínú epo. Bí gáàsì bá ń mú un ṣiṣẹ́, àtẹ náà gbà pé èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò ń gbé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ooru rẹ̀ dé inú oúnjẹ, ó sì fẹ́ kí èyí tí a óò yìn gbé ìdá 50. Bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná ni, ìdá 75 ni ti àtijọ́, ìdá 80 ni èyí tí a óò yìn. Gáàsì ń bá gáàsì díje, iná mànàmáná ń bá iná mànàmáná díje, kálukú lórí ẹní tirẹ̀. Ìlànà tí ó mọ́gbọ́n dání ni fún ìlú tí ó jẹ́ pé ohun méjì yìí nìkan ni wọ́n fi ń dáná. Ṣùgbọ́n a kò fi ẹní kankan sílẹ̀ fún igi. Òtẹ́ẹ̀lì tí ó bá gbé ìkòkò àsè kúrò lórí igi wá sórí gáàsì kò ní ibi tí yóò kọ iṣẹ́ rere rẹ̀ sí.

Ti ilé wa ńkọ́? Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde lórí bí ilé yóò ṣe máa lo agbára. Mo ti kà á bí mo ti ń ka ìwé ìtàn. Ohun mẹ́rin ni ó dì mú. Èkíní ni fèrèsé, tí kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri lọ àfi bí ó bá ní ìbòòji tàbí gíláàsì tí ó yàtọ̀. Èkejì ni gílóòbù, tí kò gbọdọ̀ ju wọ́ọ̀tì 6 lọ fún mítà kan níbùú lóròó nínú ilé gbígbé, àti 8 nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta ni òrùlé, tí ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dá ooru oòrùn dúró. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ amúlétutù. Ìlànà dáadáa ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá ní kí n ṣàpèjúwe ẹ̀dá-ìtàn tí ń gbé inú ìwé yìí, èmi yóò sọ fún un pé ọkùnrin kan ni, ó jókòó nínú yàrá tí ẹ̀rọ ti mú tutù, ó ń kàwé lábẹ́ gílóòbù, ó sì ti jẹun yó. Ta ni ó se oúnjẹ náà? Níbo ni ó ti sè é? Ìwé kò sọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù rárá. Afẹ́fẹ́ orí òkè ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tí ó bá ti sùn níbẹ̀ nígbà ọyẹ́ yóò jẹ́rìí mi. Gílóòbù kò sì jẹ iná púpọ̀. Ìkòkò ni ó ń jẹ agbára jù lọ nínú ilé wa. Ìwé náà ka ohun tí a kò ní, ó sì fi ohun tí a ní sílẹ̀.

Ilé kan, ìdáná méjì

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ilé kan fún yín. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i ní Àrámọ̀kọ, ẹ óò rí i ní Ìjerò, ẹ óò sì rí i ní Òkè-Mẹ̀sí. Ilé ilẹ̀ ni, páànù rẹ̀ ń dán, ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó ni ó kọ́ ọ fún àwọn òbí rẹ̀. Nínú ilé náà, yàrá ìdáná kan wà tí a fi táìlì tò, kúkà gáàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀. Bí ẹ bá wá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ẹ óò rí àtíbàbà tí a fi ògbólógbòó páànù bò, pẹ̀lú ààrò olókùúta mẹ́ta, ìdì igi tí a fi ti ògiri, odó àti ọmọ odó. Ibẹ̀ ni iná ti ń jó ní tòótọ́.

Èmi náà ti béèrè ìdí rẹ̀. Ní Àrámọ̀kọ, mo bi ìyá àgbàlagbà kan pé, 'Màmá, ẹ ní gáàsì nínú ilé, kí ni ó dé tí ẹ tún ń fẹ́ná níta?' Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ọmọ mi, gáàsì un, ti tíì àti ẹyin ni. Ṣé iṣu iyán ni kí n gbé ka orí rẹ̀? Kò níí pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó tán, ta ni yóò tún rà á?' Mo kọ ọ̀rọ̀ màmá yìí sílẹ̀, nítorí pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe fún mi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé iyán kì í ṣe oúnjẹ àlejò níbẹ̀. Iṣu a máa pẹ́ lórí iná kí ó tó rọ̀ tó gígún, ilé mìíràn sì wà tí wọ́n ń gún un lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Iṣẹ́ tí ó wúwo jù nínú ìdáná ni ó wà lẹ́yìn ilé lórí igi; iṣẹ́ tí ó fúyẹ́ ni ó wà nínú ilé lórí gáàsì.

Ó yẹ kí a rántí pé ìdáná ẹ̀yìn ilé yìí kì í ṣe ìwà àìmọ̀kan. Nínú agboolé àtijọ́, iná ìdáná kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èéfín rẹ̀ a máa gbé àgbàdo orí àjà gbẹ, a máa lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀, a sì máa lé ikán kúrò lára igi òrùlé. Àwọn arúgbó ń yá iná yẹn nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ ni ìtàn ìjàpá ti ń dún ní alẹ́, èyí tí ó jẹ́ pé òun ni ó fún èmi ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Èdè wa pàápàá kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí ń jó lábẹ́ ìkòkò, iná ni. Ohun tí ń tàn nínú gílóòbù, iná ni. Bí ilé-iṣẹ́ mànàmáná bá sì ṣe wá lóore, gbogbo àdúgbò a pariwo pé wọ́n ti mú iná dé. Ará Èkìtì tí ó ń pe ilé ní ulé, tí ó ń pe igi ní ugi, uná kan ṣoṣo ni ó ń pe gbogbo rẹ̀. Mo rò pé èdè náà gbọ́n ju àwọn ìwé wa lọ níhìn-ín, nítorí pé kò gbà kí ẹnikẹ́ni ka apá kan iná kí ó sì fi apá kejì pamọ́.

Kí ni olùyẹ̀wò yóò ṣe bí ó bá dé ilé tí mo ṣàpèjúwe yìí? Ó ní ìlà tí ó fà yí ilé ká nínú àwòrán rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ìlà ni yóò kà. Gáàsì wà nínú ìlà, àtíbàbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí màmá bá ń fi sílíńdà kan se tíì fún oṣù mẹ́rin, ilé yẹn yóò dára lójú ìwé. Bí ọmọ wọn bá wá pinnu pé ẹ̀yinjú ìyá òun ti tó, tí ó sì ń rán owó wá kí wọ́n lè fi gáàsì se iṣu iyán, sílíńdà yóò di ọ̀kan lóṣù, gáàsì tí ilé náà ń lò lórí ìwé yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìwé-ẹ̀rí yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí a bá tilẹ̀ fa ìlà náà gùn dé àtíbàbà, wàhálà kò tí ì tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlànà ìṣirò lágbàáyé ka èéfín kábọ́ọ̀nù tí ń jáde lára igi sí òfo, wọ́n ní igi mìíràn yóò hù, yóò sì gba èéfín náà padà sínú ewé rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ nípa ẹ̀ka kòkó tí a gé kúrò lóko, nítorí pé kòkó náà yóò tún yọ ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n igi tí a gé tí kò sí ẹni tí ó gbin òmíràn dípò rẹ̀, ta ni yóò gba èéfín tirẹ̀ padà?

Gáàsì òkè òkun àti gáàsì tiwa

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gáàsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ohun méjì, ibẹ̀ sì ni ìṣìnà pọ̀ sí.

Ní ọdún 2019, ìlú Berkeley ní ìpínlẹ̀ California ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin ní Amẹ́ríkà pé kí a má ṣe fa páìpù gáàsì sínú ilé tuntun mọ́. Ilé-ẹjọ́ kan dá òfin náà nù ní 2023. Ìlú New York ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2021. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kọ ìlànà ìwé-ẹ̀rí ti ń yí ojú sí ilé tí kò ní iná gáàsì rárá. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ gba ohunkóhun tí ń jó nínú ilé. Wọ́n ní ìdí. Gáàsì tí ń gba inú páìpù wọn kọjá, mẹ́téènì ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mẹ́téènì tí ó bá jò sí afẹ́fẹ́ láìjó ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po bí 28 ju èéfín kábọ́ọ̀nù lọ bí a bá wò ó fún ọgọ́rùn-ún ọdún, páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọn sì ń jò.

Gáàsì inú sílíńdà tí a ń rọ ní Ìjerò kì í ṣe mẹ́téènì. Propane àti butane ni, èyí tí a tẹ̀ mọ́ra títí ó fi di omi. Kò ní páìpù abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá. Apá kan rẹ̀ ń wá láti Bonny, níbi tí ilé-iṣẹ́ NLNG wà, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ọjà ilé ní 2007, tí wọ́n sì sọ ní 2022 pé gbogbo irú gáàsì yìí tí àwọn bá ń ṣe, Nàìjíríà ni yóò máa gbà á. Nítorí náà, nígbà tí ìwé tí a kọ ní New York bá bá gáàsì wí, kì í ṣe gáàsì màmá Àrámọ̀kọ ni ó ní lọ́kàn, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọ ara wọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn kàn wá ṣá: iná gáàsì, irú èyí tó wù kí ó jẹ́, ń tú nitrogen dioxide sínú yàrá tí kò ní fèrèsé, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé. Fèrèsé ni oògùn èyí. Kì í ṣe pé kí a padà sídìí igi.

Ìṣirò sílíńdà kan

Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò le. Ẹ jẹ́ kí a mú sílíńdà 12.5 kílò kan. Kílò gáàsì kọ̀ọ̀kan tí ó bá jó tán ń tú nǹkan bí kílò 3 èéfín kábọ́ọ̀nù sílẹ̀; gbogbo sílíńdà náà yóò tú bí kílò 37 sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ gáàsì lórí ìwé nìyẹn, n kò sì fẹ́ fi pamọ́.

Báyìí, kí ni sílíńdà náà rọ́pò? Ooru tí ó wà nínú kílò gáàsì kan tó ìlọ́po mẹ́ta ti kílò igi gbígbẹ kan. Sítóòfù gáàsì ń gbé nǹkan bí ìdajì ooru rẹ̀ dé inú ìkòkò, ààrò olókùúta mẹ́ta kì í sì í gbé ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyókù ń bá afẹ́fẹ́ lọ, tàbí kí ó máa jó ẹsẹ̀ ẹni tí ń dáná. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, sílíńdà kan ń ṣe iṣẹ́ tí igi bí 125 kílò yóò ṣe. Èéfín kábọ́ọ̀nù tí ń jáde lára igi tí ó tó bẹ́ẹ̀ ju kílò 150 lọ. Nínú ìwé tí ó bá ka igi sí òfo, ilé tí ó jó igi 125 kílò kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, ilé tí ó jó gáàsì sì ti dẹ́ṣẹ̀ kílò 37. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbọ́ ọ: ẹni tí ó jókòó sínú èéfín ni a fún ní ìwé-ẹ̀rí.

Èéfín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín ìdáná inú ilé ṣe okùnfà ikú wọn káàkiri ayé ní ọdún 2020. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní òpó nínú ìwé ìṣirò agbára.

Àwọn kan yóò ní kí a fo gáàsì kọjá kí a sì máa fi iná mànàmáná dáná. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ iná náà dé orísun rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná mànàmáná Nàìjíríà ni ó ń wá láti ilé-iṣẹ́ tí ń jó gáàsì. Káínjì, Jẹ́bà, Ṣiróró àti àwọn ìdídò omi yòókù ni ó ń pèsè ìyókù. Bí a bá mú ìdá 100 gáàsì lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò dáńgájíá púpọ̀, bí ìdá 35 ni yóò jáde bí iná. Yóò sọ bí ìdá kan nínú márùn-ún nù lórí wáyà kí ó tó dé ilé, yóò ku 28. Sítóòfù oníwáyà yóò gbé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí dé inú ìkòkò, yóò ku 21. Bí a bá wá fi iná omi kún un, kí a má baà rẹ́ ẹ jẹ, yóò tó 28. Gáàsì tí a jó lábẹ́ ìkòkò fúnra rẹ̀ ti gbé 50 dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò tí ó bá ń wo ẹnu mítà nìkan yóò rí i pé sítóòfù iná mànàmáná jẹ agbára díẹ̀ nínú ilé, yóò sì yìn ín. Òfò tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ àti lórí wáyà kò sí nínú ìlà tí ó fà. N kò tilẹ̀ ní í mẹ́nu kan jẹnẹrétọ̀ tí a óò tàn nígbà tí iná bá lọ.

Bí iná bá dára lọ́la ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ pé mo wá polówó gáàsì. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ṣe àkóso iná tirẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà ní 2024. Bí iná oòrùn bá pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìṣirò tí mo ṣe yìí yóò yí padà, inú mi yóò sì dùn sí i. Ìjerò gan-an ní ohun kan láti sọ nípa èyí. Nínú àpáta ilẹ̀ Ìjerò ni lithium wà, ohun tí a fi ń ṣe bátìrì tí ń tọ́jú iná oòrùn pamọ́ di alẹ́. Àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì tí yóò mú ilé kan ní Jámánì gba ìwé-ẹ̀rí lè ti inú àpáta Ìjerò jáde, nígbà tí ìyàwó ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ń fẹ́ná lẹ́yìn ilé. Èyí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ lónìí ni mo ń sọ. Lónìí, ohun tí ó ń lé ènìyàn kúrò nídìí gáàsì kì í ṣe ìmọ̀ràn New York, owó ni. Ní ọdún 2020, kílò kan kò tó 400 náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó ti kúrò nídìí igi ni ó padà síbẹ̀. Kúkà wọn ṣì wà nínú yàrá ìdáná, ó mọ́ tónítóní, aṣọ ni wọ́n tẹ́ lé e lórí. Olùyẹ̀wò tí ó bá kà á mọ́ ohun èlò ilé kò purọ́, ṣùgbọ́n kúkà náà kò dáná láti ìgbà pípẹ́. Ìwé-ẹ̀rí tí a ń fúnni ní ọjọ́ ìṣílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í padà wá wo ilé náà lẹ́yìn ọdún méjì, irú nǹkan wọ̀nyí ni yóò máa fò dá.

Òṣùwọ̀n kòkó

Kí ni kí a wá ṣe? Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ń yàwòrán ilé jiyàn lórí èyí. Èsì wọn nígbà gbogbo ni pé igi kò ní mítà, sílíńdà kò sì ní mítà, ohun tí kò bá sì ní mítà, a kò lè kà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Agbègbè kòkó ni ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Kò sí abúlé kan tí òṣùwọ̀n kò sí níbẹ̀, èyí tí àwọn tí ń ra kòkó fi ń wọn àpò. Ìwọ̀n òfìfo sílíńdà wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Bí a bá gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n, a óò mọ iye gáàsì tí ó kù nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdì igi kan náà ṣeé gbé kọ́. Bí ilé kan bá wọn igi àti gáàsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò àti ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìmọ̀ tí a óò rí níbẹ̀ yóò ju ti àwòrán ilé lọ.

Fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ kí olùyẹ̀wò mú dání bí ó bá ń bọ̀ ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí a ti ń se iṣu iyán nínú ilé náà, kí ó sì lọ síbẹ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ilé, ìbáà jẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Kí ó fa ìlà rẹ̀ yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú. Kí ó fi gáàsì wé igi tí gáàsì náà rọ́pò, kí ó má ṣe fi í wé iná mànàmáná tí kò sí. Ibi tí igi ti wá ni kí ó bi wọ́n kí ó tó kà á sí òfo. Kí ó wo ojú ẹni tí ń dáná, kí ó sì béèrè bóyá ó ń wú ikọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí ó padà wá wo kúkà náà bóyá aṣọ ti wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka wa méjèèjì, tiwa àti ti àwọn ayàwòrán ilé, lè jọ kọ fọ́ọ̀mù náà ní èdè Yorùbá àti ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì, kí màmá tí a ń bi lè dáhùn fúnra wọn láìsí ògbufọ̀. Iṣẹ́ ọdún kan ni, bí a bá rí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò bẹ̀rù èéfín, àti ẹni tí yóò yá wa ní òṣùwọ̀n lẹ́yìn àsìkò kòkó.